Ojú Ọ̀run Tẹ́yẹ Fò, Àfi Oṣù Kejìlá

Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Òótọ́ ni wọ́n sọ, àmọ́ ayé wọn kò bá oṣù Kejìlá ilé sinimá. Láti ọdún 2022 sí 2024, ọdọọdún ni òṣèré méjì, Fúnkẹ́ Akíndélé àti Tóyìn Abraham, ń gbé fíìmù jáde nínú oṣù kan náà. Ní 2022, Battle on Buka Street ti Fúnkẹ́ pàdé Ijakumo ti Tóyìn. Ní 2023, A Tribe Called Judah pàdé Malaika. Nígbà tó di 2024, Everybody Loves Jenifa àti Alakada: Bad and Boujee tún forí gbárí. Oṣù mọ́kànlá yòókù nà gbọọrọ sílẹ̀, ojú ọ̀run ṣófo, ẹyẹ méjèèjì ò yà síbẹ̀.

Wọn kì í ṣe òmùgọ̀. Oṣù Kejìlá làwọn ọmọ gba ìsinmi, òun làwọn ará òkè òkun ń wálé, òun sì lowó ń bẹ lápò ẹni tí kò ní kọbọ̀ nínú oṣù Kẹwàá. Oníṣòwò tó gbọ́n á lọ síbi tówó wà. Bí ìyẹ́ wọn bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra, àwọn méjèèjì mọ ohun tí wọ́n ń wá.

Àwọn tí kò ní ìyẹ́ rárá ló ń kọlu ara wọn. Ẹ yà sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ èyíkéyìí lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì nígbà tí ọdún bá ń kú lọ. Ẹnì kan á ní Fúnkẹ́ ni ọ̀gá gbogbo wọn. Ẹni tó wà lórí àga, tí wọ́n ti gẹ ẹ̀gbẹ́ kan orí rẹ̀, á fò dìde: irọ́ ni, Tóyìn ni “World Best”! Onígbàjámọ̀ á gbé kílípà sílẹ̀ kó lè ráyè dá sí i. Jẹnẹrétọ̀ ń jó epo lọ ní tiẹ̀, ẹ̀gbẹ́ orí kejì sì ń dúró de ìdájọ́. Ẹ wá bi wọ́n pé èwo nínú fíìmù ọdún náà ni wọ́n wò. Wọn á ní àwọn rí díẹ̀ níbẹ̀ lórí Instagram.

Ká fi ariwo sílẹ̀, ká wo iṣẹ́. Ọdún 1998 ni Fúnkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Bísí nínú I Need to Know, eré tẹlifíṣọ̀n tí àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé fi ń la àwọn ọ̀dọ́ lóye. Ọdún mẹ́wàá gbáko ló kọjá kí fíìmù Jenifa tó dé ní 2008, tí Suliat ọmọ oko wọ yunifásítì, tó sọ ara rẹ̀ di Jenifa, tó ń fọ́ Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni fọ́ àwo. Ní 2009 ni wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ AMAA. Obìnrin yìí kàwé òfin ní Yunifásítì Èkó, ó sì hàn nínú bó ṣe ń ṣe òwò rẹ̀. Omo Ghetto: The Saga jáde lọ́jọ́ Kérésìmesì 2020, lọ́dún tí kòrónà ti ilé gbogbo ènìyàn pa, síbẹ̀ ó pa ju mílíọ̀nù 630 náírà lọ, ó sì gba ipò fíìmù Nàìjíríà tó pa owó jù lọ́wọ́ The Wedding Party. A Tribe Called Judah, ìtàn ìyá kan tó bí ọmọkùnrin márùn-ún fún bàbá márùn-ún, ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó pa bílíọ̀nù kan náírà nílé sinimá.

Ọ̀nà tí Tóyìn gbà yàtọ̀. Auchi ni wọ́n bí i sí, Ìbàdàn ló gbé dàgbà, níbẹ̀ náà ló sì ti bẹ̀rẹ̀ ní 2003, nígbà tí Bùkọ́lá Wright, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Bukky, wá ya fíìmù níbẹ̀. Fíìmù Alakada ló gbé e síta: Yétúndé, ọmọ tálákà tó ń purọ́ fáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ilé ọlá lòun ti wá.

Ibí gan-an lẹ̀rín wà. Suliat àti Yétúndé, ọ̀kan náà ni àrùn tó ń ṣe wọ́n: ẹ̀wù àyálò, orúkọ àyálò, ìgbé ayé tí wọ́n ń gbé nítorí ojú ará òde. Òṣèré méjèèjì fi ogún ọdún ó dín díẹ̀ pa irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́rìn-ín. Àwọn tí wọ́n ń fi ṣẹ̀fẹ̀ ló wá gbé ìjà wọn lérí, wọ́n ń yangàn pẹ̀lú bílíọ̀nù tí kọbọ̀ kan níbẹ̀ kò ní kan àpò wọn.

Bó bá jẹ́ owó tíkẹ́ẹ̀tì la fi ń wọn ẹ̀bùn, ọ̀rọ̀ ti parí, Fúnkẹ́ ti lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo Elevator Baby, tó jáde ní 2019. Aboyún há sínú ẹ̀rọ tó ń gbéni lọ sókè ilé, òun pẹ̀lú ọmọ olówó kan tí kò mọ nǹkan kan láyé, ìrọbí sì dé. Kò sáyè ijó, kò sáyè aṣọ olówó ńlá. Ojú Tóyìn nìkan ló ń ṣiṣẹ́: ẹ̀rù, ìbínú, ẹ̀rín tó bọ́ láàárín ìrora. Wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ AMVCA lórí rẹ̀ ní 2020, ó sì tọ́ sí i. Lójú ẹni tó ń kọ èyí, ahọ́n Fúnkẹ́ kò lẹ́gbẹ́, òun ló sì mọ fíìmù í tà jù. Ojú Tóyìn ló mọ ẹkún í sun jù. Ẹni tó bá fẹ́ bú òǹkọ̀wé lè bẹ̀rẹ̀ báyìí.

Irú ìjà yìí ti ṣẹlẹ̀ rí. Ọ̀pọ̀ ọdún làwọn ènìyàn fi ń bá ara wọn fà á pé Genevieve Nnaji ló jù, pé Omotola Jalade ni. Ní 2010, àwọn méjèèjì jọ ṣeré nínú fíìmù Ijé. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni wọ́n pè wọ́n níbẹ̀.

Ní ti àwọn ará tiwa ní Èkìtì, ẹni tó bá fẹ́ ti Èmùré lọ wo fíìmù ní sinimá Filmhouse ní Àkúrẹ́ á san owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀, á ra tíkẹ́ẹ̀tì, á ra gúgúrú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ajàgùdù wa kò dé ibẹ̀ rí. Nígbà táwọn olè fíìmù jí Malaika, tí Tóyìn ń ké gbàjarè, àwọn kan tó ń pè é ní màmá wọn ti wò ó tán lórí fóònù. Owó tíkẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ wọn o, dátà ni wọ́n fi rà, kí wọ́n lè rí nǹkan fi gbèjà rẹ̀.