Bí Mo Ṣe Di Ọ̀jọ̀gbọ́n Nínú Fíìmù Tí Mi Ò Wò

Kí sáà kẹjọ Game of Thrones tó bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹrin ọdún 2019, abala 67 ló ti jáde ṣáájú rẹ̀. Èyí tí mo wò parí nínú wọn ò tó nǹkan. Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tí mo ti ń gẹrun ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, ni mo ti ń rí i ní fìrífìrí. Ẹ̀yìn àga tí wọ́n ti ń gẹni lórí ni tẹlifíṣọ̀n wọn wà, inú dígí lèèyàn sì ti ń wò ó. Ìdí nìyẹn tí mo fi bá gbogbo ayé jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú pé ọwọ́ òsì ni wọ́n gé fún Jaime Lannister. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n gé. Dígí ló yí i padà fún mi.

Ibi tí mi ò bá ti rí fúnra mi, àbúrò mi tó wà ní London ló ń rò ó fún mi lórí fóònù, òun náà sì máa ń fo ibi tó bá ti sú u. Síbẹ̀, bí ẹ bá gbọ́ mi lẹ́nu láàárọ̀ Mọ́ńdè, ẹ ó rò pé ilé mi ni George R. R. Martin jókòó sí tó fi kọ ìwé náà.

Ohun tó kì mí láyà ni pé kò sẹ́ni tó mọ òpin ìtàn yẹn. Ìwé kìíní jáde lọ́dún 1996, ìkarùn-ún jáde lọ́dún 2011, ọdún kan náà tí HBO bẹ̀rẹ̀ fíìmù rẹ̀. Bàbá náà ò tíì gbé ìkẹfà jáde tí fíìmù fi sáré kọjá ìwé lọ. Tí sáà keje wá parí lóṣù kẹjọ ọdún 2017, ó lé lọ́dún kan àbọ̀ tá a fi jókòó láìrí nǹkan kan wò. Àsìkò yẹn ni bẹ́ńṣì ṣọ́ọ̀bù wa di ilé ẹjọ́. Awakọ̀ Micra kan gbà pé Jon Snow ni yóò jọba. Àǹtí Tíṣà, olùkọ́ obìnrin kan tó máa ń gẹrun rẹ̀ mọ́lẹ̀, ní ti Sansa lòun ń ṣe. Ọ̀gá onígbàjámọ̀ àti ìyàwó rẹ̀ ń ti Daenerys lẹ́yìn tọkàntọkàn, Daenerys ìyá àwọn dírágónì.

Èmi ní tèmi ní Ọba Òru ni, olórí àwọn òkú tó ń rìn. Mo là á fún wọn pé ọba wo ló lágbára ju ikú lọ, ta ló ti sá fún un rí, ṣé Cersei tó wà lórí ìtẹ́ ni? Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu mi débi pé mo fi abúlà pẹ̀lú ṣakí ta á fún gbogbo ẹni tó wà lórí bẹ́ńṣì. Bí wọ́n bá pa Ọba Òru, èmi ni n ó sanwó. Bí ó bá jọba, àwọn ni yóò bọ́ mi fún oṣù kan gbáko. Wọ́n gbà kíá. Ó yẹ kí kíá yẹn kọ mí lóminú.

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ Sọ́ńdè ní New York, aago méjì òru Mọ́ńdè ni lọ́dọ̀ wa níbí. Òru yẹn ni wọ́n ń gbé e jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní London lásìkò yẹn, nítorí náà èmi àti àbúrò mi jọ ń ṣàìsùn ni. Abala kẹta, èyí tó bọ́ sí òru ọjọ́ 29 oṣù kẹrin, ni gbogbo ayé ń retí, torí ibẹ̀ ni àwọn òkú yóò ti kọlu ilé olódi Winterfell. Ìṣẹ́jú 82 ni, kò sí èyí tó gùn tó o nínú gbogbo fíìmù náà. Mo ra epo sínú jẹnẹrétọ̀, mo din ẹ̀pà, mo fi omi tútù sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìyàwó mi wò mí, ó ní, "Ẹni tí kò lè dìde gbọ́ àdúrà òru," ó sì wọlé lọ sùn.

Fíìmù bẹ̀rẹ̀, mi ò rí nǹkan kan.

Mo ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹṣin, mo ń gbọ́ mímí èèyàn, ṣùgbọ́n òkùnkùn biribiri ló wà lójú tẹlifíṣọ̀n. Mo fi rìmóòtù fi kún ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ títí tí kò fi lè lọ sókè mọ́. Mo fi aṣọ tútù nu ojú rẹ̀. Mo gbá a lórí lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀pà mi dà nù. Ó wá yé mi pé díìṣì ló yí kúrò lójú ibi tó yẹ kó kọjú sí. Mo jí ìyàwó mi, mo ní kó dúró sójú fèrèsé kó máa ròyìn fún mi, mo gbé àkàbà, mo sì gun òrùlé lọ tèmi tìrora.

"Ó ti mọ́lẹ̀?"

"Kò mọ́lẹ̀ o. Àwọn èèyàn kan dúró sínú òkùnkùn."

Mo yí díìṣì díẹ̀ sí apá ọ̀tún. "Báyìí ńkọ́?"

"Wọ́n ṣì dúró."

Mo tún un yí. Lójijì ló pariwo pé, "Ó ti mọ́! Iná! Iná wà níbẹ̀, ó pọ̀!" Orí mi wú. Mo di díìṣì mú gírígírí, mo ń wá ìdè rẹ̀ tí n ó fún. Ohùn ìyàwó mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. "Ó ti ń kú o… Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń kú… Ó ti kú tán."

Ẹni tó bá wò ó ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Melisandre ló fi oògùn tan iná sára idà àwọn ọmọ ogun Dothraki, wọ́n fi ẹṣin sáré wọ inú òkùnkùn lọ bá àwọn òkú, iná wọn sì ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní ó wà lára ibi tó lẹ́wà jù nínú fíìmù náà. Èmi rò pé díìṣì ló ń ṣe mí bẹ́ẹ̀. Mo bínú, mo fà á padà sí apá òsì tagbáratagbára, nǹkan kan sì já lọ́wọ́ mi. Ìyàwó mi ní, "Wọ́n ti lọ. Wọ́n kọ̀wé síbẹ̀ pé kò sí àmì."

Pẹ̀lú ariwo páànù tí mo ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ lóru, ẹ ò ní retí kí àdúgbò máa sùn. Tọ́ọ̀ṣì ọlọ́dẹ ló kọ́kọ́ bà lé mi lójú. Lẹ́yìn náà ni Bàbá Onílé jáde pẹ̀lú ìró lọ́rùn àti àdá lọ́wọ́.

"Ta nìyẹn? Kí lo ń wá lórí ilé mi?"

Bí mo bá ní díìṣì ni mo ń tún ṣe, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù mú mi, ohun tó wà lọ́kàn mi ló sì jáde: "Ẹ má bínú, sà. Ọba Òru ni mò ń wá."

Ọlọ́dẹ fọn fèrè.

Ìgbà tí mo fi rí àkàbà sọ̀ kalẹ̀, tí wọ́n sì tú mi sílẹ̀ fún ìyàwó mi, fíìmù ti parí tipẹ́. Àbúrò mi ń pè láti London, mi ò gbé e. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ pé orí òrùlé ni mo wà. Bí mo ṣe dé ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, mo jókòó, mo gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, mo ní ogun yẹn mà le o.

Àǹtí Tíṣà ní, "Ẹ̀gbọ́n, báwo lẹ ṣe rí bí wọ́n ṣe pa Ọba Òru?"

Ẹ̀jẹ̀ mi tutù. Wọ́n ti pa á kẹ̀! Mo rántí pé ẹni tó bá máa pa irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè ju ẹnì kan lọ. Mo mi orí, mo ní, "Jon Snow gbìyànjú. Ọmọkùnrin ni."

Ẹ̀rín tí wọ́n rín yẹn, ẹni tí wọ́n ń gẹ lọ́wọ́ dìde lórí àga, kílíìpà sì fa ilà gbọọrọ sí i lórí. Arya ló pa á, ọmọdébìnrin ilé Jon Snow, tó jẹ́ kí ọ̀bẹ bọ́ láti ọwọ́ kan sí èkejì kó tó gún un. Jon Snow ò tilẹ̀ dé ibi tí wọ́n ti pa á.

Ohun tó dùn mí jù ni pé tẹlifíṣọ̀n mi ò ní àrùn kankan. Gbogbo ayé ló ń pariwo pé àwọn ò rí nǹkan kan. Òru 55 ni wọ́n fi ya ogun náà ní Northern Ireland, tòótọ́ sì ni wọ́n fẹ́ kó ṣókùnkùn bẹ́ẹ̀. Fabian Wagner tó di kámẹ́rà mú tilẹ̀ sọ pé àwọn èèyàn ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń tún tẹlifíṣọ̀n wọn ṣe dáadáa. Ó ṣe mí bíi kí n kọ lẹ́tà sí i.

Ẹlòmíràn yóò ti panu mọ́. Èmi, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo rí ife. Níbi àsè tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn ogun, ife kọfí ayé òde òní, èyí tó ní ìdérí pẹlẹbẹ, ló dúró sórí tábìlì níwájú Daenerys. Àwọn tó ń ya fíìmù ló gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi, inú mi sì dùn pé lẹ́ẹ̀kan yìí mo rí nǹkan. Mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo là á sílẹ̀ fún wọn pé májèlé Cersei ló wà nínú ẹ̀, àti pé ìrísí ife náà yàtọ̀ nítorí pé ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ti gbé e wá. Ọmọ iṣẹ́ ọ̀gá wa tún abala náà wò lọ́jọ́ kejì, kò rí ife mọ́. HBO ti yọ ọ́ kúrò. Mo na ìka sókè: "Ṣé ẹ rí i? Ó pòórá! Kí ni mo sọ?"

Ọmọ náà rọra gbé fóònù rẹ̀ sí mi lójú. HBO ti jẹ́wọ́ pé àṣìṣe ni, wọ́n sì fi ṣàwàdà pé tíì ewé ni Daenerys ní kí wọ́n gbé wá fún òun. Mo ní kò burú, àgbo náà lè jẹ́ májèlé.

Èyí tí mi ò lè fẹnu tún ṣe ni ti ìkómọ. Ìyàwó ọ̀gá onígbàjámọ̀ bí ọmọbìnrin, ọjọ́ kẹjọ sì bọ́ sí Sátidé, ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún. Wọ́n gbé oyin, iyọ̀, orógbó àti abọ́ omi kalẹ̀, ẹni tó bá sọ owó sínú abọ́ ń sọ orúkọ tirẹ̀. Mo ju náírà ẹgbẹ̀rún síbẹ̀, mo ní, "Khaleesi!" bí wọ́n ṣe ń pe Daenerys nínú fíìmù. Ọ̀gá mi fò sókè, ó dì mọ́ mi. Ìyá ìyàwó rẹ̀ béèrè pé kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣé Kálísíọ̀mù tí wọ́n ń fún ọmọ òun nígbà tó lóyún ni? Mo ṣàlàyé fún màmá pé akíkanjú obìnrin ni, aláàánú tó ń tú ẹrú sílẹ̀, pé l'Amẹ́ríkà, ọmọbìnrin tó lé ní 500 ni wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2018 nìkan. Màmá ní ó dára, Ọlọ́run á jẹ́ kó jọ ọ́.

Òru Sọ́ńdè mọ́jú Mọ́ńdè ni abala karùn-ún jáde. Àwọn ará King's Landing, ìlú Cersei, lu agogo pé àwọn túúbá. Daenerys gbọ́ agogo, ó wò wọ́n, ó fò sókè lórí dírágónì rẹ̀, ó sì dáná sun ìlú náà tọmọdé tàgbà.

Ǹ bá má lọ sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n mo ní ìpàdé, irun mi sì ti kún. Ọ̀gá mi ò kí mi. Ó so aṣọ mọ́ mi lọ́rùn, ó gẹ mí lórí bí ẹni ń họ iṣu sísun, kò sì sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ títí ó fi ṣe tán. Àǹtí Tíṣà nìkan ló sọ jẹ́jẹ́ pé Khaleesi gan-an kì í ṣe orúkọ, oyè ni.

Nígbà tí abala ìkẹyìn fi máa jáde ní ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún, kò sẹ́ni tó jàre nínú wa. Jon Snow pa Daenerys, dírágónì tú iná sórí ìtẹ́ irin tí gbogbo wọn ń jà lé lórí títí ó fi yọ́, Bran tí ẹnikẹ́ni ò dárúkọ ni wọ́n fi jọba. Inú bí àwọn èèyàn débi pé ó lé ní mílíọ̀nù kan tó fọwọ́ sí ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kí wọ́n lọ tún sáà náà yà. Èmi náà fọwọ́ sí i, fíìmù tí mi ò wò tán. Ti abúlà, wọ́n ní Ọba Òru tèmi ló kọ́kọ́ kú. Mo sanwó.

Ìgbà tí House of the Dragon dé lóṣù kẹjọ ọdún 2022, mo ní n ó fi hàn wọ́n. Ìtàn àwọn baba ńlá Daenerys ni, ṣùgbọ́n èyí ní ìwé tó ti sọ òpin rẹ̀. Fire & Blood ti wà ní ọjà láti 2018. Mo rà á, mo kà á lóru, mo fi gèlè ìyàwó mi wé e kí wọ́n má bàa mọ̀ ọ́n nínú àpò mi. Mo wá ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, mo ń sọ òótọ́, wọn ò gbà mí gbọ́. Nígbà tí abala kẹwàá kù fẹ́ẹ́, mo ní ọmọ kékeré yẹn, Lucerys, tí ìyá rẹ̀ máa rán níṣẹ́ lọ sí Storm's End, kò ní padà wálé. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n Ọba Òru tún dé o." Wọ́n fi abúlà ta á fúnra wọn, wọ́n tilẹ̀ fi bọ̀kọ́tọ̀ kún un.

Láàárọ̀ ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá, èmi ni mo kọ́kọ́ dé ṣọ́ọ̀bù. Vhagar, dírágónì àgbà yẹn, ti gé ọmọ náà àti dírágónì rẹ̀ jẹ lójú òfúrufú. Bí wọ́n ṣe ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ fún mi. Àǹtí Tíṣà kúnlẹ̀. Ọ̀gá onígbàjámọ̀ ní òun ti dárí Kálísíọ̀mù jì mí, ọmọ náà sì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ níbẹ̀, orúkọ tí ìyá àgbà fi ń pè é títí di òní nìyẹn. Ayọ̀ pọ̀ fún mi. Mo na ọwọ́ sínú àpò mi láti mú áńkáṣífù, gèlè jáde, ìwé sì já sílẹ̀ gbì láàárín bẹ́ńṣì.

Kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ọmọ iṣẹ́ ló mú un, ó ṣí i síbi tí mo fi ìwé pélébé sí, ó kà á, ó gbójú sókè.

"Òjóró!"

Ọ̀gá onígbàjámọ̀ dájọ́ lórí ìdúró pé èmi ni n ó sanwó abúlà gbogbo wọn, pẹ̀lú bọ̀kọ́tọ̀. Mo bi wọ́n pé ìgbà tí mi ò mọ nǹkan kan mo san, ní báyìí tí mo mọ̀ ọ́n tán, n ó tún san? Àǹtí Tíṣà ti gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ iṣẹ́ ń ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún ìyá alábúlà kí wọ́n bu gbẹ̀gìrì sí tèmi dáadáa."