Africando, Ẹgbẹ́ Tí Kò Gbé Ìlù Dání

Ẹ̀fẹ̀ ni mo wá ṣe, n kò wá jà. Àwọn tí mo fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́ kò sì sí nítòsí, ìyẹn ló jẹ́ kí ó tún dùn mọ́ mi.

Ọdún 1993 ni àwo àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ olórin sálúsà Africando, Trovador, jáde. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ibrahima Sylla, ẹni tó ń ṣe àwo orin jáde, ṣa akọrin mẹ́ta ní Senegal: Pape Seck, Medoune Diallo àti Nicolas Menheim. Boncana Maïga, ọmọ Mali tí ìjọba wọn rán lọ kọ́ orin ní Kúbà láyé ọjọ́un, ló to orin. Ta ló wá lu ìlù? Àwọn onísálúsà New York! Ọ̀fun nìkan ni àwọn tiwa gbé wọ ọkọ̀ òfurufú. Adúláwọ̀ gbéra, ó lọ háyà onílù l'Ámẹ́ríkà. Ṣé sákárà ló tán nílé ni?

Ẹ má sọ fún mi pé ọ̀dọ̀ wa ni orin sálúsà náà ti lọ. Mo mọ̀. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà ló gbé e lọ nínú orí wọn. Ó wá padà dé bíi mọ́tò tọ́kùnbọ̀ ní Kùtọ́nu: wọ́n ti kùn ún ní ọ̀dà tuntun, àwa oníǹkan ń bèèrè iye tí wọ́n ń tà á.

Aládùúgbò wa gan-an ni ẹnu ń yún mi sí. Pape Seck kú ní 1995, ni wọ́n bá fi Gnonnas Pedro rọ́pò rẹ̀, ọmọ Lokossa ní Bẹ̀nẹ̀, tí wọ́n bí ní 1943. Pierre ló ń jẹ́ nílé o! Pierre wá di Pedro. Bí Pítà onímọ́tò Ìdí-Ìrókò bá ní kí ẹ máa pe òun ní Pedro lọ́la, ẹ má bú u, ó rẹ́ni wò. Ọkùnrin yìí kọrin ní Mina, Adja, Fọ̀n, Faransé, Gẹ̀ẹ́sì àti Sípáníìṣì, ó tún fi Yorùbá lé e. Kọ́sítọ̀ọ̀mù wo ni yóò yẹ irú ẹnu bẹ́ẹ̀ wò tán? Orin rẹ̀, Feso Jaiye, gbòde débi pé ọ̀pọ̀ olórin ló ń kọ ọ́ níbi Eré Ìdárayá Gbogbo Áfíríkà tí wọ́n ṣe l'Ékòó ní 1973. Ẹni tó ní ká fẹ̀sọ̀ jayé, ẹni ọdún 52 ló gbéra lọ gba iṣẹ́ ọ̀dọ́! Ìdí gbohùngbohùn ló wà títí ó fi kú ní 2004.

Ẹ̀yin ará Ìfọ̀nyìntẹ̀dó létí ibodè ńkọ́? Ẹ mọ iye tí àpò ìrẹsì jẹ́ l'Ọ́jà Ìgòlò láàárọ̀ yìí. Nígbà tí ìjọba ti ibodè ní 2019, tí wọ́n tún ní kí ẹnikẹ́ni má gbé epo bẹntiróòlù dé ibi tí kò tó kìlómítà 20 sí ibodè, ẹ mọ gbogbo ọ̀nà ẹ̀bùrú. Orin nìkan ni kò nílò fàyàwọ́, òun náà ni ẹ kò sì mọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n fi orin Pedro, Yiri Yiri Boum, sí i níbi ìnáwó, ẹ ó rí nǹkan. Bàbá tó fi ọ̀pá rìn wọlé yóò gbé ọ̀pá ti àga, yóò fa ìyàwó onílé dìde, ẹsẹ̀ kan síwájú, ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, ojú rẹ̀ á dijú, ẹnu rẹ̀ á máa da Sípáníìṣì sílẹ̀. Bí ará Kúbà bá gbọ́ Sípáníìṣì yẹn, ọlọ́pàá ni yóò pè.

Ní 2006, Africando gbé àwo mìíràn jáde, wọ́n pè é ní Ketukuba. Ha! Kétu, tó bí Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tó bí ẹ̀fẹ̀ tí mò ń ṣe yìí, òun ni wọ́n so mọ́ Kúbà. Owú ìbá ti jẹ wá ní Ìfọ̀nyìn o, ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: Ìfọ̀nyìnkúbà! Ọ̀fun ta ni yóò gbé e nínú àwọn ará Senegal yẹn?