Ìròyìn Ti Ju Àfojúbà Lọ

Àwọn àgbà tó sọ pé ìròyìn ò tó àfojúbà kò mọ̀ pé ayé kan ń bọ̀ tí ìròyìn yóò gorí àga, tí àfojúbà yóò sì máa wá àyè sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Láyé tiwọn, bí èèyàn bá ti ọ̀nà oko dé tó ní erin wọ̀lú, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ṣé ó ṣojú rẹ, àbí wọ́n sọ fún ọ ni?" Bó bá ní wọ́n sọ fún òun ni, wọ́n á ní kó lọ bomi mu, wọ́n á sì dúró de ẹni tó ṣojú rẹ̀. Lónìí, pàápàá tó bá di ọ̀rọ̀ fíìmù, ẹni tó ṣojú rẹ̀ gan-an là ń tì sẹ́yìn, torí ó máa ń pẹ́ kó tó dé. Ó ṣì wà nídìí fíìmù, ó ń wò ó lọ. Ẹni tí kò wo nǹkan kan ti dájọ́ tán, ó ti fi sórí WhatsApp, àwọn èèyàn sì ti ń ṣe àmín sí i.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín wá sí Kankon, níbi tí ìjọba ìbílẹ̀ onídàgbàsókè Ìwọ̀-Oòrùn Àgbádárìgì fi ṣe ibùjókòó, lójú ọ̀nà tó lọ sí Sẹ̀mẹ̀. Ìlú ibodè ni. Ègùn ni wọ́n ń sọ nílé, Yorùbá lọ́jà, wọ́n sì ń fi Faransé díẹ̀ dárà bí ará Kútọnú bá dé. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó sínú sinimá láti ibẹ̀, ọ̀nà Èkó ló máa kọjú sí, kó sì máa ka iye ìgbà tí kọ́sítọ́ọ̀mù, ìmígírésọ̀n àti ọlọ́pàá dá ọkọ̀ dúró. Síbẹ̀, ẹ kò lè dárúkọ fíìmù kan ní ìdíkọ̀ Kankon kí ẹnì kan má dáhùn pé òun ti wò ó. Ẹ dárúkọ èyí tó jáde lánàá, ó ti wò ó. Ẹ dárúkọ èyí tó ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, ó ní kò dáa.

Ẹgbẹ́ Mo-Ti-Wò-Ó ni mo ń pè wọ́n, ẹ̀yà mẹ́ta ni wọ́n sì pín sí. Ẹ̀yà kìíní wo ìpolówó fíìmù, ó tó o. Ẹ̀yà kejì wo àgékúrú lórí TikTok, níbi tí ọkùnrin kan ti ń sáré sọ̀rọ̀ lé àwòrán lórí bí ẹni tí ajá ń lé. Ẹ̀yà kẹta, àwọn ọ̀gá pátápátá, ka ohun tí ẹ̀yà kejì kọ. Ẹ̀yà kẹta yìí ló máa ń bínú jù.

Ẹ mú Aníkúlápó tí Kúnlé Afọláyan gbé sórí Netflix lóṣù kẹsàn-án ọdún 2022. Ẹ bi ọmọ ẹgbẹ́ yìí pé kí ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, yóò ní, "Ẹyẹ kan ló ń jí òkú." Òótọ́ ni, ẹyẹ wà níbẹ̀. Ẹ wá bi í pé iṣẹ́ kí ni Sàró, olú ẹ̀dá ìtàn náà, ń ṣe nígbà tó dé Ọ̀yọ́, yóò ní jagunjagun ni. Aṣọ òfì ni Sàró ń hun! Ọmọ Gbọ̀ngán tó wá ìjẹ wá sí Ọ̀yọ́ ni. Obìnrin kan ló kọ́kọ́ gbé e ró, obìnrin mìíràn, ìyàwó ọba, fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu nítorí rẹ̀. Nígbà tí agbára wá bọ́ sí i lọ́wọ́ tán, ó ní àfi kí ọba fún òun ní ọmọbìnrin rẹ̀ kí òun tó jí àrẹ̀mọ dìde. Ibẹ̀ ni fíìmù náà wà. Ó lé ní wákàtí méjì tó fi ń fi ìgbéraga hàn wá, bó ṣe ń wọ inú ẹni tí kò ní nǹkan kan tẹ́lẹ̀. Àgékúrú mú ẹyẹ, ó fi ìgbéraga sílẹ̀. Ẹni tó bá wo àgékúrú á rò pé ẹyẹ ló ba ayé Sàró jẹ́.

Jagun Jagun ti Fẹ́mi Adébáyọ̀ ńkọ́, èyí tó jáde lóṣù kẹjọ ọdún 2023? "Ìjà ti pọ̀ jù níbẹ̀." Ìjà pọ̀ lóòótọ́. Ohun tí èmi rí níbẹ̀ ni ọ̀gá kan, Ògúndìjì, tó ń fi ogun ṣòwò, tó ń kọ́ ọmọ ìkọ́ṣẹ́ níṣẹ́, tí àyà rẹ̀ sì ń já bí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ bá mọ̀ ọ́n jù. Ẹnikẹ́ni tó bá ti kọ́ṣẹ́ rí lọ́dọ̀ ọ̀gá tó ń fi kọ́kọ́rọ́ iṣẹ́ pa mọ́, á mọ Ògúndìjì dunjú. Kò sí èyí nínú àgékúrú, torí kò sí idà níbẹ̀.

Àwọn kan tún wà tó ní àwọn ò nílò láti wò ó, àwọn mọ ibi tó parí sí. Ṣebí gbogbo ará Abẹ́òkúta ló mọ̀ pé wọ́n pa Àyìnlá Ọmọwúrà ní oṣù karùn-ún ọdún 1980. Àwọn náà ló sì sanwó wọ sinimá ní 2021 nígbà tí Túndé Kèlání gbé Ayinla jáde, tí Latéef Adédiméjì ṣe é débi tí àwọn tó mọ olórin náà rí láyé fi ń mi orí. Kì í ṣe ikú Àyìnlá ni wọ́n lọ gbọ́. Bó ṣe rìn dé ibẹ̀ ni wọ́n lọ wò.

Nígbà tí Hubert Ògúńdé ń gbé Aiyé kiri ìlú ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ẹni tó bá fẹ́ wò ó ní láti dìde, kó wọṣọ, kó sanwó, kó lọ síbi tí wọ́n ti ń fi hàn. Kò sí bó ṣe lè purọ́ pé òun lọ, torí aládùúgbò rẹ̀ wà níbẹ̀, kò sì rí i. Àṣé ibi tí nǹkan yóò gbà bàjẹ́ ti là sílẹ̀. Ní 1982, Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá tiwa, gbé Ọ̀run Móoru jáde, ó sì yáwó nídìí rẹ̀. Àwọn olè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí fídíò, ó gba ìgboro kan kí ó tó rí owó rẹ̀ padà. Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín nílé wọn, gbèsè sì wọ ilé aláwàdà. Ẹni tó wo ẹ̀dà jíjí yẹn ṣì ríran, ó kéré tán. Àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n wà lórí Telegram lónìí kò tilẹ̀ wo èyí tí wọ́n jí. Wọ́n gbà á sórí fóònù, wọ́n fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, wọ́n sì pa á rẹ́ nítorí àyè kò sí.

Ìbéèrè tí wọ́n sì máa ń bi èèyàn láìsinmi ni pé, "Níbo la ti lè rí i wò?" Ó dáa, ẹ gbọ́. Aníkúlápó, Jagun Jagun, House of Ga'a àti Lísàbí, Netflix ló gbé wọn jáde. King of Thieves, tí gbogbo wa mọ̀ sí Àgẹṣinkólé, sinimá ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 2022, ó sì dé orí Prime Video. Ilé iṣẹ́ yìí ni kò tún ná owó lórí fíìmù tuntun nílẹ̀ Áfíríkà mọ́ láti oṣù kìíní ọdún 2024, torí náà kí ẹni tó ń retí òmíràn níbẹ̀ dín ìrètí kù. Lórí YouTube, ọ̀pọ̀ òṣèré Yorùbá ti ṣí ìkànnì tiwọn. Ọ̀fẹ́ ni, bí ẹ bá lè fara da ìpolówó tẹ́tẹ́ tó ń já wọ àárín ẹkún ìyá ìyàwó.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ máa ní owó ńkọ́? Òótọ́ ni. Netflix tó wọ Nàìjíríà ní 2016 fowó kún owó oṣù lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún 2024 nìkan. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, NCC, àjọ tó ń bójú tó àwọn ilé iṣẹ́ fóònù, fọwọ́ sí i kí wọ́n fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn. Mi ò ní bá ẹni tí kò rówó ra dátà jà. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà tí kì í jẹ dátà, tí kò fẹ́ iná NEPA, tí ọmọdé lè sọ lójú àgbà kí ojú má tì í: "Mi ò tíì wò ó." Òun ni wọ́n kọ̀ láti sọ.

Bó bá jẹ́ ibi tí ìwà òmùgọ̀ wa parí sí nìyẹn, ǹ bá dákẹ́. Èyí tó wá le jù ni ti ẹni tó wo fíìmù látòkè délẹ̀, tó wá dìde pé òun ti fojú òun rí ìtàn. Lóṣù kẹsàn-án ọdún 2022, The Woman King dé láti Amẹ́ríkà, fíìmù nípa àwọn obìnrin ológun Dàhọ̀mì. Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti yà á, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ààfin ń sọ, John Boyega, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù, ló sì jókòó sórí ìtẹ́ gẹ́gẹ́ bí Ghezo ọba Dàhọ̀mì. Nínú fíìmù náà, Ọ̀yọ́ ni ìkà, Dàhọ̀mì ni olùgbàlà, Ghezo sì ń ronú bóun ṣe máa fi epo pupa rọ́pò òwò ẹrú. Àwọn kan ní Kankon pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ wọn fi pọ́n. Ghezo tí ìtàn mọ̀ kò fi òwò ẹrú sílẹ̀ títí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi dí etíkun rẹ̀, tó wá tọwọ́ bọ ìwé ní 1852. Ní ọdún tó ṣáájú èyí, ó kó ogun, tobìnrin tọkùnrin, lọ bá Abẹ́òkúta, àwọn Ẹ̀gbá sì lé wọn padà. Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ Ẹ̀gbá bóyá olùgbàlà ló wá.

Lọ́dún 2024 ni House of Ga'a dé ní tirẹ̀. Ibẹ̀ ni a ti rí Baṣọ̀run Gáà tó ń fi ọba Ọ̀yọ́ ṣeré, títí Aláàfin Abíọ́dún fi ṣẹ́gun rẹ̀, èyí tí ìtàn sọ pé ó ṣẹlẹ̀ ní 1774. Àwa náà yọ̀, a ní Abíọ́dún ṣe é. Ó ku ọdún mẹ́wàá tí fíìmù kò dé. Ní 1784, ọmọ ogun Dàhọ̀mì, lábẹ́ Kpengla ọba wọn, ya wọ Àgbádárìgì, wọ́n sì fọ́ ọ. Ọ̀yọ́ tí Abíọ́dún ń ṣàkóso mọ̀ sí i, ó sì fọwọ́ sí i. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ará etíkun: Ọ̀yọ́ àti Dàhọ̀mì tí ẹ rí tí wọ́n ń bára wọn jà lójú fóònù yín, wọ́n ti pawọ́ pọ̀ rí, orí ilé yín ni wọ́n sì pawọ́ pọ̀ sí. Ẹ wá jókòó sí ìdíkọ̀, ìdajì yín wà lẹ́yìn Ghezo, ìdajì tó kù wà lẹ́yìn Abíọ́dún, ẹ sì ń bá ara yín jà nítorí àwọn méjèèjì. Fíìmù kì í ṣe àfojúbà. Ìròyìn ni òun náà, àfi pé ó wọ aṣọ tó dára ju ti àwọn yòókù lọ.

Fíìmù kan tilẹ̀ wà tí ará Kankon lè fi etí ara rẹ̀ gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ láìka ìwé abẹ́ àwòrán. Dahomey ni orúkọ rẹ̀, Mati Diop ló ṣe é, òun ló gba ẹ̀bùn tó ga jù ní àjọ̀dún fíìmù Berlin ní 2024. Ó sọ nípa ohun ìṣẹ̀ǹbáyé 26 tí Faransé dá padà sí Benin ní 2021. Ère Ghezo fúnra rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ní èdè Fọ̀n, tí ó bá Ègùn tan. Ó lé díẹ̀ ní wákàtí kan péré, orí MUBI ló wà. Ẹ bi ẹgbẹ́ Mo-Ti-Wò-Ó nípa rẹ̀, wọn ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Kò sí ìjà níbẹ̀, kò sí àgékúrú, nítorí náà kò sí fíìmù. Àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé náà gan-an, ìjọba Benin kó wọn jáde ní Kútọnú ní 2022 fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wá wò wọ́n. Àfojúbà wà ní ìkọjá ibodè lásán. A mọ ọ̀nà Kútọnú dáadáa tó bá di ti ìrẹsì, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn, ọ̀nà ò dáa.

Mo ní àbá kan fún ìjọba ìbílẹ̀ wa. Bí wọ́n ṣe ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún ọlọ́kadà láràárọ̀, kí wọ́n máa já tíkẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni tó bá sọ ní gbangba pé òun ti wo fíìmù kan. Ìbéèrè kan péré ni kí wọ́n bi í: kí ló ṣẹlẹ̀ níbi tí kò ti sí ìjà? Bó bá dáhùn, kó máa lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Bí kò bá lè dáhùn, kó sanwó. Láàárín oṣù mélòó kan, owó tó máa wọlé yóò tó kọ́ ilé sinimá ńlá sí Kankon, tó ní ẹ̀rọ amúlétutù àti àga tìmùtìmù.

Mo sì ti mọ bí ọjọ́ ìṣílé yóò ṣe rí. Èèyàn méje yóò wà nínú ilé. Gbogbo ìlú tó kù yóò dúró síta lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa retí kí ẹni àkọ́kọ́ jáde, kí wọ́n lè bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀, kí wọ́n sì sáré ṣáájú rẹ̀ délé lọ sọ ọ́.