Bàbá Akọ̀wé àti Ìyá Aláǹkárá

(Ní ìta ilé kan lẹ́bàá Asigamé, ọjà ńlá Lomé, Bàbá Akọ̀wé, alága ẹgbẹ́ tí ń rán ọmọ aláìní lọ sí ilé ìwé, àti Ìyá Aláǹkárá, akápò, ń retí àwọn ìgbìmọ̀ méje yòókù, kò sí èyí tó yọjú.)

BÀBÁ AKỌ̀WÉ: Ìyá Aláǹkárá, ẹ gbọ́ lẹ́tà tí mo fi tàdáwà aláwọ̀ wúrà kọ sí ọ̀gá báńkì kan, tí mo to orúkọ àwa mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sórí rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀, olóyè lé olóyè, tí oyè méje tèmi nìkan gba ìlà mẹ́ta, kí ẹ̀rù lè ba ọkùnrin náà, kí ó sì tètè tọwọ́ bọ àpò.

ÌYÁ ALÁǸKÁRÁ: Akọ̀wé ọmọ tàdáwà, a-kọ̀wé-má-sanwó! Bí ó bá béèrè èló ni àwa ìgbìmọ̀ fúnra wa dá lọ́dún yìí ńkọ́?

BÀBÁ AKỌ̀WÉ: N ó ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

ÌYÁ ALÁǸKÁRÁ: Ọwọ́ mẹ́jọ ṣì wà lápò agbádá, tiyín sì ni àkọ́kọ́!

BÀBÁ AKỌ̀WÉ: Ẹ yé bú alága! Ìlú tí Ecobank fìdí kalẹ̀ sí kọ́ nìyí? Ṣé owó wọ́n níbí ni?

ÌYÁ ALÁǸKÁRÁ: Ẹ kúkú dárúkọ rẹ̀. Nígbà tí Adéyẹmí Lawson, ọmọ Nàìjíríà, àti Gervais Djondo, ọmọ Tógò, pẹ̀lú àwọn oníṣòwò ẹgbẹ́ wọn, dá báńkì náà sílẹ̀ ní 1985, tí ó sì di 1988 kí ó tó ṣílẹ̀kùn, ṣé lẹ́tà ni wọ́n kọ tí wọ́n jókòó tì í? Àwọn ènìyàn àti ilé iṣẹ́ tó lé ní 1,500 ní Ìwọ̀-Oòrùn Afíríkà ló dáwó sí i. Ẹni tó ní òun yóò dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò.

BÀBÁ AKỌ̀WÉ: Ọrùn tèmi funfun báláú!

ÌYÁ ALÁǸKÁRÁ: Ọlọ́jà tó fún wa láṣọ ilé ìwé lọ́jọ́sí, ṣé oyè ló rí? Èmi ni mo mú un dé kíláàsì, tí ó rí ọmọ tó fi okùn ọ̀rá so ṣòkòtò mọ́dìí. Nígbà tí télọ̀ rán an tán, mo padà lọ ka iye yáàdì àti iye ọmọ fún un, ni ó bá tún fi kún un. Ìgbìmọ̀ tí ilé iṣẹ́ ń bọ̀wọ̀ fún ni èyí tí ẹnì kan ń yẹ ìwé owó wò, tí ẹnì kan mọ ẹnu ọ̀nà àwọn oníṣòwò, tí ẹnì kan ń lọ jíyìn lẹ́yìn tí owó dé, tí ẹni tó bá fẹ́ ta ọjà tirẹ̀ fún ẹgbẹ́ sì ń bọ́ síta kí a tó dìbò. Kì í ṣe èyí tí gbogbo rẹ̀ ń wá jẹ móínmóín ìpàdé.

BÀBÁ AKỌ̀WÉ (ó tú owó láti inú fìlà): Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá séfà rèé. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àwọn oyè mi sílẹ̀ lórí lẹ́tà.

ÌYÁ ALÁǸKÁRÁ: Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá gbé oyè kan. Ẹ mú èyí tó wù yín, kí ẹ pa mẹ́fà rẹ́.