Ẹ Gbà Mí Lọ́wọ́ Ìjàpá àti Àwọn Ọmọ Ọlọ́mọ

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣáà bá mi dá ẹjọ́ yìí. Mi ò jalè, mi ò bá ẹnikẹ́ni du oyè, mi ò jẹ gbèsè ju èyí tí gbogbo wa ń jẹ lọ. Yorùbá ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ pírámárì kẹrin ní ilé-ìwé aládàáni kan ní Ìbàdàn, owó oṣù ibẹ̀ kò sì tó ohun tí èèyàn ń pariwo. Síbẹ̀, gbogbo ayé ti fìmọ̀ ṣọ̀kan láti fi ìtàn pa mí. Ìtàn lásán-làsàn o! Ohun tí àwọn ìyá àgbà wa ń sọ lábẹ́ òṣùpá láìní sátífíkéètì kankan, tí ẹnikẹ́ni kò sì wá yẹ̀ wọ́n wò pé lesson note wọn dà.

Wọ́n ní kí n kọ́ àwọn ọmọ ní nǹkan márùn-ún péré: ẹ̀dá ìtàn, ibùdó ìtàn, àhunpọ̀ ìtàn, gbọ́nmi-si-omi-ò-to tó wà nínú rẹ̀, àti ẹ̀kọ́ tó kọ́ni. Péré! Ẹ wá wo àkókò tí wọ́n fún mi: ìkẹ́yìn lọ́jọ́ Ẹtì! Lẹ́yìn tí Faransé ti jẹ ọpọlọ wọn, tí kọ̀ǹpútà ti lá ìyókù, tí oòrùn ti mú páànù orí wa gbóná kankan, tí mọ́tò àwọn òbí ti ń fun fèrè níwájú géètì, ìgbà náà ni wọ́n á wá sọ pé, “Uncle Yorùbá, ó kàn yín.” Nílé-ìwé yìí kan náà, ọmọ tó bá sọ Yorùbá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń sanwó ìtanràn o! Láti àárọ̀ títí dọ̀sán ni wọ́n fi ń lé Yorùbá jáde lẹ́nu ọmọ, wọ́n á wá fún mi ní ìṣẹ́jú márùndínlógójì kí n dá a padà. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Mo ní kí n má fayé ni wọ́n lára. Mo mú àlọ́ Ìjàpá àti Yánníbo aya rẹ̀ tí kò rọ́mọ bí. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ìjàpá lọ bá babaláwo, babaláwo se àsèjẹ fún Yánníbo, ó kìlọ̀ fún Ìjàpá pé kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò, òórùn ọbẹ̀ ta sí i nímú lójú ọ̀nà, ó jẹ ẹ́ tán pátápátá, ikùn rẹ̀ wú gbẹndu, ló bá sáré padà lọ bá babaláwo pé gbòǹgbò ló gbé òun ṣubú, tí ọbẹ̀ ta sóun lọ́wọ́, tí òun sì ṣèèṣì fi ọwọ́ kan ẹnu. Kò sí ohun tí mo fẹ́ kọ́ wọn tí kò sí níbẹ̀.

Mo bi wọ́n pé, “Àwọn wo ni ẹ̀dá ìtàn?” Ọmọ kan dìde.

“Uncle, ọbẹ̀.”

Ọbẹ̀ kẹ̀! Mo ní ọbẹ̀ kì í ṣe ẹ̀dá ìtàn. Ó ní, “Ṣebí òun ló mú ikùn Ìjàpá wú. Kí ni Yánníbo ṣe ní tiẹ̀?” Mo wo ọmọ, mo wo òrùlé. Ẹ bá mi dá a lóhùn! Òótọ́ ni pé Yánníbo kò kúrò nílé látìbẹ̀rẹ̀ dópin!

Mo yà sí ibùdó ìtàn. Ẹnì kan ní inú ikùn Ìjàpá ni ìtàn ti ṣẹlẹ̀. Ẹlòmíràn ní inú fóònù mọ́mì òun ni, nítorí ibẹ̀ ló ti ń wo àwòrán Ìjàpá tó ń jó. Mo ní láyé àtijọ́ ni. Wọ́n ní ṣé kí iná tó lọ ni? Mo bi wọ́n léèrè gbọ́nmi-si-omi-ò-to, wọ́n ní kò sí ìjà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó gbá ẹnì kankan létí. Ẹ̀kọ́ wo ni ìtàn kọ́ wa? “Kí babaláwo máa gbé ọbẹ̀ sínú kúlà, kí òórùn rẹ̀ má baà jáde.” Háà! Èmi ọmọ èèyàn!

Ẹ rò pé ó parí síbẹ̀? Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ìyá ọmọ kan ti dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì lápá. “Uncle, ṣé ẹ̀yin lẹ ń kọ́ ọmọ mi ní babaláwo?” Mo ní ẹ má bínú, mà, àlọ́ ni. Ó ní ilé àwọn kì í gbọ́ irú ẹ̀, kí n fi dókítà rọ́pò rẹ̀. Dókítà wo ló ń se ọbẹ̀ fún aláìsàn gbé lọ sílé? Ṣùgbọ́n oúnjẹ ọmọ tèmi náà wà lórí iná, mo fi dókítà sí i. Mo dé kíláàsì, mo ní Ìjàpá lọ bá dókítà, ni ọmọ kan bá nawọ́: “Kí ló dé tí Yánníbo kò bá ọkọ rẹ̀ lọ ṣe àyẹ̀wò?” Àlọ́ tú ká pátápátá.

Alábòójútó ilé-ìwé ló tún dé. Ó ní ẹ̀kọ́ mi kò ní àwòrán. Ó ní kí n ya òkè kan sórí káàdíbọ́ọ̀dù, kí ìtàn máa gùn ún láti ìsàlẹ̀ dé góńgó, kó tún sọ̀ kalẹ̀ lódìkejì. Òkè Gustav Freytag nìyẹn, ará Jámánì tó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1863. Eré orí ìtàgé ni bàbá yẹn ń sọ, ta ló rán an sí Ìjàpá? Owó ta ni wọ́n fi ra káàdíbọ́ọ̀dù? Tèmi! Ta ló ra máàkà? Èmi! Ta ló yà á lóru pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu, tí ìyàwó rẹ̀ ń bi í pé òkè wo ló tún fẹ́ gùn? Èmi náà ni! Mo gbé e dé kíláàsì, mo gbé e kọ́, ọmọ kan pariwo pé, “Uncle, Olúmọ rèé!” Láti ọjọ́ náà, ibi yòówù kí n bá ìtàn dé, Abẹ́òkúta ni wọ́n ń wò.

Mo sá di Fágúnwà. Olùkọ́ lòun náà, yóò mọ ohun tójú ń rí. Mo gbé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tó jáde ní 1938, mo ṣàlàyé pé ọdẹ kan tó ń jẹ́ Àkàrà-oògùn wá bá ẹnì kan nílé, ó ní kó máa kọ ìtàn òun sílẹ̀ bí òun ṣe ń sọ ọ́. Mo ti dáràn! “Uncle, ta ni ‘èmi’ inú ìwé yìí? Ṣé Fágúnwà ni, àbí Àkàrà-oògùn, àbí ẹ̀yin?” Èmi kẹ̀! Ẹ̀yìn ni ọmọ kan ti ń sọ pé ebi ń pa òun nítorí àkàrà tí mo ń dárúkọ.

Bí mo bá ní kí n bínú, mo tún máa ń rántí Sẹ̀gilọlá. Nígbà tí I. B. Thomas ń tẹ lẹ́tà obìnrin yẹn jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, láàárín 1929 sí 1930, àgbàlagbà tó mọ̀wé kà ló gbà pé Sẹ̀gilọlá wà láyé lóòótọ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, Thomas ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ gbogbo rẹ̀. Bí àgbà Èkó bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí ni kí n wá sọ fún ọmọ tó ń bi mí ní nọ́ńbà fóònù Yánníbo?

Ìtàn tí àwọn fúnra wọn kọ ńkọ́? Gbogbo rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Ní ọjọ́ kan”, gbogbo rẹ̀ ló parí sí “mo jí, mo sì rí i pé àlá ni”. Ọmọ kan kó ẹ̀dá ìtàn méjìlá jọ sójú ìwé kìn-ín-ní, ó fi ìjàǹbá ọkọ̀ pa mọ́kànlá lójú ìwé kejì nítorí agogo ti fẹ́ lù, ìkejìlá sì lọ jẹ ìrẹsì níbi ìgbéyàwó. Ta ló ń ṣègbéyàwó? Kò sẹ́ni tó mọ̀!

Ṣùgbọ́n ẹ dúró kí ẹ gbọ́ èyí tó dùn mí wọ eegun. Mo ní kí ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá dìde. Ọmọ kan dìde, ó wojú mi kòrókòró, ó ní: “Uncle, lálẹ́ àná, ní kíṣìnnì wa, mo ti ṣe iṣẹ́ yín tán, mo gbé e sórí tábìlì. Iná lọ. Bàbá àgbà mi ní kí n lọ wá tọ́ọ̀ṣì. Bí mo ṣe ń táràrà lọ, mo gbọ́ kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Mo ní ta nìyẹn? Kò dáhùn. Ewúrẹ́ ìyá onílé ni! Mo di ìwé mú, òun náà dì í mú. Mo fà á, ó fà á. Ojú ewé iṣẹ́ yín nìkan ló jẹ, kò fọwọ́ kan ti ìṣirò. Mo ti wá mọ̀ pé kò dáa kéèyàn máa ṣe iṣẹ́ lálẹ́.”

Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀dá ìtàn pé, ibùdó pé, ìjà bẹ́, ìtàn gun òkè Freytag dé góńgó, ó sì sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó tún fi ẹ̀kọ́ dé e lórí! Kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́, èmi gan-an ti ń bẹ̀rù ewúrẹ́. Mo ní, “Ó dáa, níbo ni ibùdó ìtàn tí o sọ yìí?”

Ó ní, “Uncle, ẹ ò tíì kọ́ wa.”

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Àwọn ọmọ yín mọ ìtàn í pa ju èmi lọ, ẹni tí yóò jókòó tì wọ́n pàlọ́ nílé ni wọn ò rí. Ẹ ti fi fóònù ṣe ìyá àgbà, fóònù kò sì lè bi ọmọ léèrè ọ̀rọ̀. Bí iná bá lọ lálẹ́ òní, ẹ má tíì tan jẹnẹrétọ̀. Ẹ pa àlọ́ kan, ẹ jẹ́ kí ọmọ gbe orin rẹ̀, ẹ wá bi í pé ta ló wà níbẹ̀, ibo ló ti ṣẹlẹ̀, kí ló dà wọ́n pọ̀, báwo ló ṣe yanjú. Ẹ kò nílò káàdíbọ́ọ̀dù kankan. Tèmi tí mo fowó ara mi rà, di bí mo ṣe ń wí yìí, wọn ò tíì san án padà.