Ta Ló Ń Jẹ́ Badebò?

Kí n tó dé Naples, ògbóǹtagí ni mo pe ara mi nínú ọ̀rọ̀ pizza. Ìkẹjà ni mo ti ń jẹ ẹ́, èyí tí wọ́n fi adìyẹ àti ata rodo dárà sí lórí, tí wọ́n gé sí ọ̀nà mẹ́jọ, tí wọ́n gbé sínú páálí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí ìyàwó mi ní ká kọ́kọ́ bi èèyàn bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀, mo ní, "Ìyá Kẹ́mi, oúnjẹ la fẹ́ lọ jẹ, kì í ṣe ìdánwò."

Òpópónà tóóró ni Via dei Tribunali, ní àárín ìlú àtijọ́. Ilé gíga lọ́tùn-ún lósì, aṣọ tí wọ́n sá ń mì lókè, ọ̀kadà ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbáròkó èèyàn. Ilé pizza pọ̀ níbẹ̀, àlejò sì pọ̀ jù wọ́n lọ. Èrò tó wà lẹ́nu ọ̀nà èyí tí a yàn, ẹ ó rò pé ibi ìnáwó ni, tí ẹnì kan wá ta wọ́n lólobó pé ìrẹsì ti fẹ́ẹ́ tán.

Wọn kì í kàn wọlé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dúró pẹ̀lú bébà àti bírò. Ẹ ó dárúkọ, ẹ ó sọ iye yín, ẹ ó dúró. Ìyàwó mi ní kí n sọ "Adé" fún un, kó rọrùn. Èmi kẹ̀? Kí n gé orúkọ tí bàbá mi sọ mí kúrú nítorí oúnjẹ? Mo sọ ọ́ ní kíkún, mo fi ohùn sí i dáadáa: Gbádébọ̀. Ó wò mí, ó kọ nǹkan kan.

Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo: "Badebò! Badebò!" Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó tún pè é. Mo mirí, mo sọ fún ìyàwó mi pé àwọn kan ò mọ iyì àkókò, pé Badebò yìí, níbikíbi tó bá wà, ó yẹ kí ojú tì í. Ọmọkùnrin náà fi bírò pa orúkọ rẹ́, ó ní kí àwọn ará Jámánì tó wà lẹ́yìn wa wọlé. Ìgbà yẹn ni ìyàwó mi rọra fọwọ́ kàn mí.

"Bàbá Kẹ́mi, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin ni Badebò?"

A tún orúkọ fi sílẹ̀. Òun ló sọ ọ́.

A jókòó, mo rí marinara nínú ìwé oúnjẹ. Ìlú tó wà létí òkun, kí ni mo tún ń béèrè? Edé ni, ẹja ni, bóyá akàn pàápàá. Ìyàwó mi ní kí wọ́n fún òun ní Margherita, èyí tí wọ́n ń sọ pé ọbabìnrin Ítálì ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe é ní 1889: tòmáàtì, wàrà funfun, àti ewé kan tó bá efinrin tan.

Mo ń wo ọkùnrin tó ń ṣe é. Ó fi ìka tẹ ìyẹ̀fun pípò náà láti àárín lọ sétí, ó ń nà án láti ọwọ́ kan sí ìkejì, títí àárín fi fẹ́lẹ́. Kò fi igi yí i rárá. Iṣẹ́ ọwọ́ yìí ni UNESCO kọ mọ́ ogún àjogúnbá aráyé ní 2017. Ààrò onígi náà gbóná kọjá dígírì 400, nítorí náà ìṣẹ́jú kan sí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ ti tó.

Tèmi dé. Tòmáàtì, aáyù, ewé oregano, òróró ólífì. Ó parí. Mo fi fọ́ọ̀kì gbé etí rẹ̀ sókè, bóyá abẹ́ ni wọ́n kó ẹja sí. Mo pe agbáwo, mo bi í léèrè ẹja mi. Bàbá àgbàlagbà ni, kò bínú. Ó nawọ́ sí ìhà èbúté, ó ní inú òkun ni ẹja wà, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọlọ́gbọ́n ì bá dákẹ́ jẹun. Èmi fa ọ̀rá ata gígún yọ nínú àpò, mo bù ú wọ́n ọn. Ibẹ̀ há, ìgbọ̀nwọ́ ń kan ìgbọ̀nwọ́, fáànù sì ń yí lókè. Ìyá arúgbó tábìlì kejì ló kọ́kọ́ sín. Ọkọ rẹ̀ gbè é. Ọmọdé kan bú sẹ́kún. Èmi náà sín títí omi fi bọ́ lójú mi, bẹ́ẹ̀ ni mi ò lè sẹ́, ọ̀rá ṣì wà lọ́wọ́ mi. Agbáwo dé, ó tọ́ka sí ìgò kékeré tó ti wà níwájú mi látìbẹ̀rẹ̀: òróró tí wọ́n rẹ ata sí.

Wọ́n gbé ìwé owó wá, mo rí "coperto", Yúrò 2 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo ní a ò jẹ coperto, kí wọ́n gbé e wá kí n rí i. Àṣé owó ìjókòó ni, wọ́n sì ti kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé oúnjẹ tí mo fi ń fẹ́ ara mi.

Marinara yẹn dùn o. Mo jẹ ẹ́ tán, títí kan etí rẹ̀ tó jó. Ìyàwó mi ló sanwó, pẹ̀lú Yúrò 4 tí a fi jókòó.