Akówọnjọ, Baálẹ̀ Àwọn Developer

Nínú gbogbo oyè tuntun tí ayé íntánẹ́ẹ̀tì gbé dé, èyí tí àwọn baba wa kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, kò sí èyí tí ó wù mí í wò bí oyè ọkùnrin tí ilé-iṣẹ́ kan ní Yábàá, ní ìlú Èkó, gbà síṣẹ́ pé kí ó máa kó àwọn developer, ìyẹn àwọn tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, jọ, kí ó fi ọ̀rọ̀ dídùn tù wọ́n títí wọn yóò fi gbà láti wá kọ́lé sórí ilẹ̀ ilé-iṣẹ́ náà. Ìwé tí wọ́n fi gbà á fún un ní oyè gígùn kan tí ó gba ìlà méjì lórí káàdì rẹ̀, ṣùgbọ́n Akówọnjọ ni èmi ń pè é. Bí ẹ kò bá mọ orúkọ rẹ̀, ẹ mọ̀ ọ́n lójú: tí-ṣáàtì dúdú tí orúkọ ilé-iṣẹ́ wà láyà rẹ̀ ni ó ń wọ̀ ròde, ìbáà ṣe ìpàdé, ìbáà ṣe ìsìnkú, sítíkà sì ti bo ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ títí a kò fi mọ ẹni tí ó ṣe é mọ́.

Ilẹ̀ tí mo ń wí yìí ni wọ́n ń pè ní platform, API sì ni ẹnu-ọ̀nà rẹ̀. Ọmọ tí ó ń ṣe ètò kan fún ilé-ìwé, bí ó bá ti gba kọ́kọ́rọ́ ẹnu-ọ̀nà náà, ètò rẹ̀ yóò máa gba owó ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn òbí láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ tọ báńkì kankan lọ; onílẹ̀ yóò yọ díẹ̀ nínú owó náà, tọ̀tún-tòsì yóò sì jèrè. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe ti àná, nítorí pé láti oṣù karùn-ún ọdún 2007 ni Facebook ti ṣí ilẹ̀ tirẹ̀ sílẹ̀ fún ará ìta. Akówọnjọ mọ ìtàn náà bí ẹní mowó. Kò sí ibi tí yóò ti sọ̀rọ̀ tí kò ní fi àwòrán ọjọ́ tí Mark Zuckerberg, ọ̀gá Facebook, wá sí ibùdó ìmọ̀-ẹ̀rọ Co-Creation Hub ní Yábàá ní oṣù kẹjọ ọdún 2016 han àwọn ènìyàn, yóò sì tọ́ka sí èjìká kan ní igun àwòrán náà pé òun ni. Láti orí èjìká yìí ni yóò ti fò sórí Paystack, ilé-iṣẹ́ ìsanwó ilẹ̀ wa tí Stripe rà ní ọdún 2020, yóò wá rẹ ohùn sílẹ̀ pé àwa ló kàn.

Sátidé ni ọjọ́ ọ̀sẹ̀ rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ yóò kún gbọ̀ngàn fọ́fọ́, jẹnẹrétọ̀ yóò máa ké lẹ́yìn ilé, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù yóò wà nínú ike, atọ́kùn ètò yóò sì kì í títí orí rẹ̀ yóò fi wú. Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo ń kì í, n óò wí pé: Akówọnjọ, baba sítíkà, ọkọ tí-ṣáàtì! A-pe-ogún-ọ̀rẹ́-wálé-gbàgbé-kọ́kọ́rọ́! A-ṣèlérí-bí-òjò ní Sátidé, Mọ́ńdè dé, ọ̀dá dá! Òun náà yóò dìde, yóò pa òwe kan ṣoṣo tí ó mọ̀, pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ilé yóò sì hó yèè.

Ní Sátidé kan báyìí, ọmọkùnrin kan na ọwọ́ sókè láti ẹ̀yìn. Ó ní kọ́kọ́rọ́ tí ó ń ṣiṣẹ́ lánàá kò ṣiṣẹ́ mọ́ lónìí. 401 ni ẹ̀rọ fi ń dá òun lóhùn, ìyẹn ni pé a kò mọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ìwé ìtọ́sọ́nà ni òun tẹ̀lé láti òkè délẹ̀.

“Ẹ pàtẹ́wọ́ fún àbúrò mi!” ni Akówọnjọ wí. “Ìbéèrè gidi nìyẹn.”

“Ẹ ṣé, sà. Ṣùgbọ́n kí ni kí n ṣe, sà?”

“A ó jọ sọ ọ́ tí a bá parí.”

Ó ju sítíkà méjì sí i. Nígbà tí wọ́n parí, fọ́tò ni wọ́n ń yà. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé àwọn ẹlẹ́rọ ilé-iṣẹ́ náà ti pààrọ̀ ẹnu-ọ̀nà lóru Ẹtì, ìwé ìtọ́sọ́nà sì ti lé lọ́dún méjì láìsí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án, nítorí pé ìwé kíkọ kì í hàn nínú fọ́tò.

Bí Mọ́ńdè bá dé, yóò gbé ìṣirò lọ bá àwọn ọ̀gá: iye orí, iye tí-ṣáàtì, iye ike ìrẹsì. Ṣùgbọ́n gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Apá ìtàn tí kì í sì í sí nínú àwòrán rẹ̀ ni pé ní ọdún 2012 Twitter fi òté lé iye ènìyàn tí ètò ará ìta lè gbà, àti pé ilẹ̀ kan tí ń jẹ́ Parse, tí Facebook rà ní ọdún 2013, tí àwọn developer ti kó ẹrù wọn lé lórí, ni Facebook tì pa ní oṣù kìíní ọdún 2017, tí olúkúlùkù sì wá ibòmíràn gbé ẹrù rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó kọ́lé sórí ilẹ̀ onílẹ̀, kì í ṣe jọ̀lọ́ọ̀fù ni ó ń tọrọ. Àdúrà rẹ̀ kò ju pé, òrìṣà, bí o kò le gbè mí, ṣe mí bí o ṣe bá mi: kí a sọ fún un kí a tó yí ààlà padà, kí ìwé ìtọ́sọ́nà bá ẹnu-ọ̀nà mu, kí ẹnìkan sì dáhùn nígbà tí ó bá kanlẹ̀kùn. A kì í fini joyè àwòdì kí a má lè gbádìẹ.

Ta ni ó wá ń dáhùn? Ọmọbìnrin kan ní Ìbàdàn ni, tí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà, tí òun náà ti há síbi tí gbogbo wọn há sí, tí ó fi ọ̀pọ̀ òru wá ọ̀nà àbáyọ, tí ó sì ń kọ ọ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí ẹni tí ó bá ti bèèrè, títí kan ọmọ tí ó gba sítíkà méjì. Akówọnjọ kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ mìíràn tí ó tóbi jù fi owó dọ́là pe Akówọnjọ, ó kó àwòrán rẹ̀, ó lọ, ó sì fi lẹ́tà ìdágbére sílẹ̀ pé ọwọ́ ara òun ni òun fi kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún developer jọ. Àwọn ọ̀gá polówó àyè rẹ̀. Ọmọbìnrin ará Ìbàdàn náà kọ̀wé bèèrè fún un, wọ́n sì fi ọ̀wọ̀ dá a lóhùn pé inú àwọn dùn sí ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn kò rí ẹ̀rí pé ó ti kó ẹgbẹ́ kankan jọ rí.